Ìgò Tí A Sọ ní Bun-rye

6 Oṣù Kẹrin, 1987

Eruku pupa láti ilẹ̀ Ṣáínà tún ti bo gbogbo Seoul. Aṣọ tútù la fi dí ẹsẹ̀ fèrèsé yàrá ìwádìí, síbẹ̀ iyanrìn ń ró lẹ́yín mi. Àárọ̀ ni wọ́n gbé ègé ẹran ara kan wá láti yàrá iṣẹ́ abẹ, nínú omi tútù. Kò tó ọmọ-ìka mi. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ara obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kan tó ń jẹ́ Ma Bun-rye.

Mo fọ̀ ọ́ títí omi apakòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibi tí ìgbẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n ti gé e, kòkòrò ibẹ̀ ò ṣeé kà. Mo fi àlùmọ́gàjí kékeré gé e wẹ́wẹ́, mo pín in sínú àwọn ìgò pẹlẹbẹ, mo da omi oúnjẹ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, mo tì í sínú àpótí olóoru, kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè máa dàgbà níta ara.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo dúró sẹ́yìn mi títí mo fi ṣe tán.

"Yeon-suk, rọra o. Èyí gbọ́dọ̀ yè."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ohun tó o sọ nígbà ti ọkùnrin Incheon náà nìyẹn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ti ọkùnrin Incheon hu èbu. Ti ìyá àgbà tó ṣáájú ẹ̀ kàn kú ni, a ò mọ ohun tó pa á. Ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀gá máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí, wọn ò ní ìgò kan ṣoṣo tí wọ́n lè nàka sí pé èyí dúró, èmi ni mo sìn ín.

9 Oṣù Kẹrin

Kò tíì kú. Kò tíì ṣe nǹkan kan náà.

14 Oṣù Kẹrin

Kòkòrò ti gba ìgò méjì. Omi wọn dàrú bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ó sì ń rùn. Mo dà wọ́n nù.

Mun-hi, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń wo ìgò yẹn bí ìyá ọkọ tó ń wo ikùn ìyàwó. Ẹ jẹ́ kó mí!"

Òun ló sọ ìgò náà ní Bun-rye. Ó bá dé láàárọ̀ á ní, "Bun-rye jí ire? Bun-rye ti jẹun?" Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

22 Oṣù Kẹrin

Mo rí i! Nísàlẹ̀ ìgò, láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń hù bí èpò, àwọn kan so mọ́ra pẹ́kípẹ́kí bí òkúta inú odò. Wọn ò pọ̀, wọ́n sì lọ́ra. Àmọ́ àwọn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí à ń wá. Mo fi ṣóńṣó dígí họ àwọn èpò náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọ̀gá wò ó nínú ẹ̀rọ awò, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún un wò. "Hùn-ún," ni wọ́n wí. Fún Ọ̀gá, ijó nìyẹn.

24 Oṣù Kẹrin

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ìyá kan ni, nínú aṣọ aláìsàn, ó ń wọ́ irin dírípù tẹ̀lé ara ẹ̀ bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́.

"Ṣé ibí lẹ kó ẹran ara mi sí?"

"Ẹran ara ta ni, mà?" ni Mun-hi wí.

"Tèmi Ma Bun-rye. Agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ló sọ fún mi pé ẹ̀ ń sìn ín bí ẹni ń sin adìẹ."

Kò sí òfin tó ní ká fi hàn wọ́n, kò sì sí èyí tó ní ká má fi hàn wọ́n. Mo gbé àga fún Màmá sídìí ẹ̀rọ awò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ojú kan.

"Èwo lèmi níbẹ̀?"

"Àwọn tó dà bí òkúta odò yẹn, mà."

"Háà! Wọ́n sanra." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yára di ojú abẹ mú. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi kànrìnkàn ha ẹ̀yìn obìnrin ní ilé ìwẹ̀ Mapo. Kò sí ara tí n ò tíì rí. Ti inú ara tèmi nìkan ló kù." Lẹ́yìn náà wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n yí ìgbọ̀nwọ́ mi síta. "Ìwọ, ta ló ń ha ara fún ọ? Wo èérí! Ọmọ ilé ìwòsàn, ó fọ gbogbo nǹkan tán, kò fọ ara ẹ̀."

Mun-hi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tẹ́nìkan ti bú mi tó dùn mọ́ mi báyìí.

2 Oṣù Karùn-ún

Ọ̀gá ní kí n kó díẹ̀ lára Bun-rye sínú ìgò tíńtín kan, kí n rì í sínú àgbá òtútù nítorí ọjọ́ mìíràn. Ó dùn mí láti bu nínú ìwọ̀nba tó wà, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Lọ́sàn-án, ẹrù láti Amẹ́ríkà dé. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ọkùnrin òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ni, a fẹ́ máa fi wé tiwa. Ìyẹn ò mọ̀ pé àjèjì lòun. Bí mo ṣe fún un lóúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ bí ẹni tó wá sílé bàbá ẹ̀.

Ilé dígí kan ṣoṣo la ní tí a ń kọwọ́ bọ̀ ṣiṣẹ́. Bun-rye láàárọ̀, Ará Amẹ́ríkà lọ́sàn-án, a ń fi spírítì nù ún láàárín. Omi ara ọmọ màlúù tí a fi ń po oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tún ti wọ́n sí i, Ọ̀gá ní ká má fi ṣòfò, ká máa po omi oúnjẹ sínú ìgò ńlá kan fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ń kánjú nítorí àpérò Oṣù Kẹwàá ní Daegu.

20 Oṣù Karùn-ún

Bun-rye ti kún ìgò! Èyí tó ń rìn bí ìjàpá tẹ́lẹ̀ ń sáré. Mo pín in sí méjì lọ́jọ́ Sátidé, méjèèjì ti kún. Ọ̀gá ra núdùùsì tútù fún gbogbo wa, wọ́n tiẹ̀ da ọbẹ̀ sára táì wọn, wọn ò bìkítà.

Mo wò ó dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ. Kò so mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fẹjú, ó tú ká. Mo ní bóyá ó ti mọ́ ilé ni, bí ọmọ tó wá láti abúlé ṣe máa ń yí padà tó bá ti pẹ́ nígboro. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. N ò sọ nǹkan kan.

28 Oṣù Karùn-ún

Màmá wá sọ́dọ̀ dókítà wọn, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹyin sísè láti ilé ìwẹ̀. Wọ́n ti gbé aṣọ aláìsàn sílẹ̀, wọ́n kun ètè. Wọ́n tún wo inú ẹ̀rọ awò.

"Ó mà ti pọ̀ o! Èmi tí mo bí ọmọ kan péré."

Ọ̀gá jókòó tì wọ́n, wọ́n ṣàlàyé fúnra wọn. Jẹjẹrẹ náà ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Egbòogi oríṣiríṣi wà. Dípò ká máa dán an wò lára wọn, ara sẹ́ẹ̀lì wọn la ó ti dán an wò nínú ìgò, èyí tó bá pa á jù la ó fún wọn.

"Ẹ ò rí i pé mo láǹfààní," ni Màmá wí fún mi. "Ẹlòmíì á jìyà ẹ̀ fúnra ẹ̀. Èmi ní ẹni tó ń bá mi jìyà nínú ìgò."

Wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé ìwẹ̀.

11 Oṣù Kẹfà

Tajútajú tí ọlọ́pàá ń yìn sí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń fẹ̀hónú hàn lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì wọlé bá wa. Gbogbo wa ń sunkún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, Mun-hi fi ọṣẹ ìfọyín kun abẹ́ ojú ẹ̀, ó ní ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣe nìyẹn. A di ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kó má dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Àbájáde dé láàárín ẹkún náà. Egbòogi kẹta gbá wọn nílẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ọ̀gá mú un lọ bá Dókítà Cha, tó ń tọ́jú Màmá, ní wọ́ọ̀dù, mo tẹ̀lé wọn. Ara Dókítà Cha ò yá gágá. Ó ní egbòogi yẹn le, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, èkíní tó rọrùn ló wu òun. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ṣe é, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

16 Oṣù Kẹfà

Wọ́n so egbòogi náà mọ́ Màmá lápá lónìí. Mo lọ dúró tì wọ́n.

"Ṣé ó pa wọ́n dáadáa?"

"Ó pa wọ́n, mà."

"Ó dáa. Jẹ́ kó máa bọ̀."

25 Oṣù Kẹfà

Ẹnu Màmá ti bó. Irun wọn ń tú sórí ìrọ̀rí. Wọ́n ní irun ò jọ àwọn lójú, ní ilé ìwẹ̀ ojoojúmọ́ làwọn ń yọ ọ́ lójú ihò ìdọ̀tí. Ọmọ wọn obìnrin, Jeong-im, gbàyè níbi iṣẹ́ ìránṣọ ní Guro láti máa tọ́jú wọn. Ó ń fi òwú tútù kàn wọ́n létè. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní Màmá sọ pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa.

29 Oṣù Kẹfà

Ìjọba ti gbà, a ó dìbò yan ààrẹ fúnra wa. Ilé tíì tó wà níwájú ilé ìwòsàn ń fún àwọn èèyàn ní kọfí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Mo bu omi ọkà báálì tútù lọ fún Màmá. Wọn ò lè gbé e mì.

8 Oṣù Keje

Òjò látàárọ̀. Ọ̀gá ti fi díẹ̀ nínú Bun-rye ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn, Dókítà Wi, tó máa ń ya àwòrán kírómósóòmù, àwọn ọ̀pá kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń mọ ìran ẹni àti akọ tàbí abo. Àpérò Daegu ló fẹ́ àwòrán náà. Tẹlifóònù dún, Ọ̀gá gbé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Yeon-suk. Ma Bun-rye, obìnrin ni, àbí?"

"Obìnrin ni, sà. Ẹ kúkú ti rí wọn."

"Wi ní ọkùnrin ni."

Mun-hi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ó bo ẹnu.

Ará Amẹ́ríkà ni. Ó ti bọ́ sínú ìgò Bun-rye, bóyá láti inú omi oúnjẹ tí a jọ ń pò, bóyá láti orí ìbọ̀wọ́ mi. Ẹyọ kan péré tó. Ó jẹ oúnjẹ ẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó jókòó sí àyè ẹ̀. Òun la dán egbòogi wò lára. Òun ni egbòogi kẹta pa.

Mo rí i ní Oṣù Karùn-ún. Ojú mi rí i, mo fi núdùùsì pa ẹnu mi dé.

9 Oṣù Keje

Ọ̀gá ti sọ fún Dókítà Cha. Ó ti dá egbòogi náà dúró. Ọ̀gá ní ó parí níbẹ̀.

"Màmá ńkọ́, sà?"

"Kí la fẹ́ sọ fún un? Egbòogi tí wọ́n ń fún ẹlòmíì náà ni. Ó lè ti ṣe é lóore, ta ló mọ̀? Ẹni tí ara ò yá, o fẹ́ lọ da ẹrù tiwa lé e lórí."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ara tiwọn la ti dán an wò. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Yeon-suk, jọ̀ọ́." Wọ́n ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ọdún kan ló kù fún mi níbí."

N ò rí Ọ̀gá kí wọ́n kéré tó báyìí rí. Inú bí mi sí wọn, àánú wọn sì ṣe mí, n ò mọ èyí tí màá mú.

11 Oṣù Keje

Mo lọ. Òjò ń lu fèrèsé wọ́ọ̀dù. Màmá fi tówẹ̀ẹ̀lì wé orí bí wọ́n ṣe ń wé e ní ilé ìwẹ̀. Jeong-im ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lójú ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ tú.

"Màmá, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kejì yẹn, tó pọ̀ yẹn, kì í ṣe tiyín."

"Ta ló ni ín?"

"Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, mà. Ó wọnú ìgò yín, ó sì bo tiyín mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀."

Wọ́n wo àjà. Lẹ́yìn náà èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni.

"Jeong-im, o gbọ́? Látìgbà tí bàbá ẹ ti kú, wọ́n ní kí n fẹ́ ọkọ, mo kọ̀. Mo mà ti gbé òyìnbó sílé láìmọ̀!"

Ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bú sẹ́rìn-ín. Ètè Màmá ya, ẹ̀jẹ̀ jáde, Jeong-im nù ún. Kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Egbòogi yẹn wá ńkọ́?" ni Màmá béèrè. Ohùn wọn ti yí padà. "Ta ló pa?"

"Òun náà ló pa, mà."

"Tèmi ńkọ́?"

"A ò mọ̀."

Wọ́n yíjú sógiri. Jeong-im dìde, kò pariwo.

"Àǹtí, ẹ jáde. Èmi ni mo ń fi abọ́ gba èébì wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fara dà á, pé wọ́n ti rí i pẹ̀lú ojú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹyin lohùn. Èyí tí mo jẹ́ kó bọ́ ní Oṣù Kẹfà ni mo lọ ń ṣà jọ lónìí.

13 Oṣù Keje

Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo ti sọ. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní, "Èmi ló yẹ kí n lọ." Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n lọ sí wọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n jókòó sí yàrá wọn, wọn ò tan iná.

20 Oṣù Keje

Ìgò tíńtín kan ṣoṣo tí mo rì sínú òtútù kí Ará Amẹ́ríkà tó dé: òun nìkan ló kù tó jẹ́ Bun-rye lóòótọ́. Mo yọ ọ́ lónìí. Mo ti da gbogbo ti Ará Amẹ́ríkà nù, mo fọ ilé dígí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi oúnjẹ ẹ̀ dá wà. Mun-hi di ìgò mú fún mi.

27 Oṣù Keje

Àkúnya omi ní ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀ ilé ti lọ. Níbí, iná ọba lọ láàárọ̀. A fi ìgò omi gbígbóná yí àpótí ká, a sì fi kúbùsù bò ó. Ọ̀gá fúnra wọn ń ru kẹ́tùlù láti ilé ìdáná wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Iná dé lọ́sàn-án. Ẹ̀fọ́ gbówó lérí, kábéèjì kan ti wọ́n bí ẹran.

3 Oṣù Kẹjọ

Òkúta odò. Mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n so mọ́ra. Wọ́n lọ́ra bí wọ́n ṣe lọ́ra níjelòó. N ò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Mo jókòó tì í, mo sunkún.

24 Oṣù Kẹjọ

Dókítà Wi fi tẹlifóònù pè nípa èyí tí a tún fi ránṣẹ́ sí wọn. Obìnrin ni.

4 Oṣù Kẹsàn-án

Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti dán an wò. Egbòogi kẹta, èyí tí a fún Màmá: kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n jókòó nínú ẹ̀ bí ẹni ń wẹ̀. Èkíní, tó rọrùn, tí Dókítà Cha fẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀: ó dá wọn dúró. Kò pa wọ́n tán, ó dá wọn dúró.

Mo ka àbájáde náà fún Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Màmá ti lọ sílé láti oṣù tó kọjá.

5 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí Mapo. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń gbé, yàrá kan, ògiri rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Irun ti ń hù padà lórí Màmá, funfun, bí ti ọmọ adìẹ. Wọ́n ti gbẹ. Wọ́n ń bó píìṣì.

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní Dókítà Cha ti gbà, pé ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ní èyí fúyẹ́, kì í bó ẹnu bẹ́ẹ̀ yẹn.

"O ti dán an wò nínú ìgò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tiyín gangan lèyí. A ti wò ó, obìnrin ni."

"Mo gbọ́." Wọ́n gé píìṣì náà sí wẹ́wẹ́. "Nígbà àkọ́kọ́ tó o ní èmi nìyí, mo gbà. Mo fi irun mi san án, mo fi ẹnu mi san án. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, n ò pè ọ́ lónírọ́. Ó ti rẹ̀ mí ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bínú sí mi, ẹ má kọ egbòogi tìtorí mi."

"Ìwọ náà, o rò pé tìtorí ẹ ni?" Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wo ìgbọ̀nwọ́ mi níjọ́ yẹn. "Gbogbo nǹkan tìtorí ẹ! Mo fẹ́ jẹ píìṣì kó dùn lẹ́nu mi. Oṣù méjì ni n ò fi mọ adùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà ni. Tí mo bá gba abẹ́rẹ́ mìíràn, ṣé o lè búra fún mi pé kò ní lọ?"

N ò lè búra. Mo ti mi orí rí nígbà tí kò yẹ.

Wọ́n ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. "Jẹ ẹ́. Má sunkún sórí ẹní, Jeong-im ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ ní Oṣù Karùn-ún, à bá ti mọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kun ètè.

19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún lọ. Jeong-im pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Màmá ń sùn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, wọ́n ń bá ẹnìkan jiyàn lórí ẹni tí ilé ìwẹ̀ fẹ́ gbà síṣẹ́ rọ́pò wọn: "Ìyẹn? Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ jù, ńṣe ló máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín!" Mo fi píìṣì sílẹ̀, mo lọ.

6 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni Chuseok, ọdún ìkórè tí a fi ń rántí àwọn òkú wa. Gbogbo ìlú ń di ẹrù lọ sí abúlé. Píà ńlá kan ti di ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀nù, mo ra mẹ́ta fún ẹbọ bàbá mi. Lójú àtẹ̀gùn ni Dókítà Cha ti sọ fún mi, bí ẹni tó rò pé mo ti gbọ́: Màmá kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti dáná sun òkú wọn.

Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí mi. Ta ni mo jẹ́ tí wọ́n fi máa ránṣẹ́ sí mi?

Mo gbé ọ̀kan nínú píà náà padà sí yàrá ìwádìí. Mi ò mọ ibi tí màá gbé e kà. Mo gbé e lé orí tábìlì Mun-hi.

17 Oṣù Kẹwàá

Daegu. Ọ̀gá gun orí pèpéle, wọ́n sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n fi àwòrán méjèèjì hàn lára ògiri, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Wọ́n ní, "A tọ́jú aláìsàn kan pẹ̀lú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkùnrin kan láti ilé ìwé mìíràn sá bá wọn ní ìjókòó, ojú ẹ̀ ti funfun, ó ní òun náà ní ìgò kan tó ṣàdédé ń sáré. Ọ̀gá ní, "Lọ wò ó kó tó di ọ̀la."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sùn lé èjìká mi. N ò jí wọn.

21 Oṣù Kọkànlá

Jeong-im wá. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, imú ẹ̀ pọ́n. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé títí mo fi sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì.

"Dókítà Cha ní èyí tó jẹ́ ti Màmá gangan ṣì wà níbí."

Mo gbé e fún un wò. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń di ojú kan, ìránṣọ ló ń ṣe. Ó wò ó pẹ́. Mun-hi rọra jáde.

"Egbòogi tí ẹ fún wọn, ṣé ẹ ti dà á lé èyí?"

"A ti dà á lé díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Ó ṣe é ní nǹkan?"

"Rárá."

"Kò ṣe é ní nǹkan." Ó gbé ojú kúrò. "Àǹtí, mo wá láti sọ fún yín pé kí ẹ dà á nù. Lójú ọ̀nà, mo ń rò ó pé ẹ̀yin ò lè fi ìyá mi sínú ìgò. Ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ rèé. Èyí ló pa á. Òun lẹ̀ ń fún lóúnjẹ."

Látọjọ́ tá a ti ń pè é ní Bun-rye, tá a ń bi í bóyá ó jí ire, kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀ nínú wa.

"Tí ẹ bá fẹ́ kí n dà á nù," mo wí, "màá dà á nù báyìí, lójú yín."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó tún wo inú ẹ̀rọ awò, kò pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó fẹ́ dá ojú ẹnìkan mọ̀ nítorí ọjọ́ iwájú.

"Rárá. Ẹ máa bọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ títí ẹ fi máa rí ohun tó máa pa á."

Ó de bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀, ó tẹrí ba fún mi díẹ̀, ó lọ. Mo rí i láti ojú fèrèsé tó ń sáré sọdá títì. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì kí n tó rántí pé n ò béèrè ibi tí wọ́n da eérú Màmá sí.